Àìsàn bipolar: Àwọn ìṣesí tó ń fi kún ewu gbígba ẹ̀mí ara ẹni, àti ohun tí ará ilé lè ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹnì kan bá ń náwó lónìí bí ẹni tó ń tẹ owó, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí lóṣù tó ń bọ̀ tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, ohun tí àwọn ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé ìwà rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní alágídí ni, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Àmọ́ nígbà mìíràn, àìsàn ni. Bipolar ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà, ó sì wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tí ewu gbígba ẹ̀mí ara ẹni ti pọ̀ jù lọ.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí láti ọdún pípẹ́: kí ló dé tí èèyàn méjì lè ní àìsàn bipolar kan náà, tí ọ̀kan á gbé e títí dọjọ́ ogbó, tí ìkejì á máa ronú ikú ṣáá? Apá kan ìdáhùn náà wà nínú ìṣesí oníkálukú, ìyẹn bí èèyàn ṣe máa ń ronú, bó ṣe máa ń bínú, àti bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá le. Ará ilé tó bá mọ àwọn ìṣesí yìí lè tètè rí ewu kó tó dé.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin tàbí ẹni yín kan ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ báyìí, ẹ fi kíkà yìí sílẹ̀ ná. Ẹ má dá wà. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lọ. Nọ́mbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112.

Kí ni àìsàn bipolar gan-an?

Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ kì í dùn láàárọ̀ kó bàjẹ́ nírọ̀lẹ́. Ìyẹn kọ́ ni bipolar. Àìsàn yìí máa ń gbé ọkàn, agbára àti ìrònú èèyàn lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, á tún já a wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí oṣù.

Ti òkè ni wọ́n ń pè ní mania. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè sùn fún wákàtí méjì péré lóru kó má sì rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ á máa tú lẹ́nu rẹ̀ láìdúró, á dáwọ́ lé iṣẹ́ mẹ́wàá pa pọ̀, á yá owó tí kò ní lè san, ó sì lè gbà pé òun ní agbára tí ẹnikẹ́ni ò ní. Àwọn dókítà ń wò ó bóyá ó tó ọ̀sẹ̀ kan, tàbí bóyá ó le débi tó fi gbọ́dọ̀ wọ ilé ìwòsàn. Èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tó sì tó ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, ni wọ́n ń pè ní hypomania. Ti ìsàlẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: oúnjẹ ò ní wù ú jẹ, nǹkan tó máa ń dùn mọ́ ọn ò ní dùn mọ́ ọn mọ́, ara á wúwo, á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí mania gangan bá ti mú rí ni wọ́n ń sọ pé ó ní bipolar oríṣi kìíní. Ẹni tó jẹ́ pé hypomania àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń mú un ló ní oríṣi kejì. Àwọn kan rò pé oríṣi kejì ò le, àmọ́ ní ti ewu gbígba ẹ̀mí ara ẹni, kò sóhun tó ní ká fojú kéré rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 èèyàn ló ní bipolar lágbàáyé ní 2019. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ìgbà ọ̀dọ́langba sí nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń mú.

Báwo ni ewu náà ṣe pọ̀ tó?

Ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé ewu kí ẹni tó ní bipolar gba ẹ̀mí ara rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 20 sí 30 ju ti àwọn ará ìlú yòókù lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lára wọn ló máa gbìyànjú rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní bipolar ni kò ní gba ẹ̀mí ara wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, wọ́n ń dàgbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ni bí a ṣe máa mọ ẹni tí ewu náà súnmọ́, àti ìgbà tó súnmọ́ ọn.

Ìwà yàtọ̀ sí àbùdá

Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ìwà wúwo lédè Yorùbá. Bí wọ́n bá ní ọmọ kan níwà, wọ́n ti yìn ín. Bí wọ́n bá ní kò níwà, wọ́n ti dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣesí, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àbùdá tí wọ́n bí mọ́ èèyàn ni wọ́n ń sọ, ìyá tó bí ju ọmọ kan lọ sì mọ̀ ọ́n dáadáa: ikùn kan náà ni wọ́n ti wá, ọ̀kan kì í yé rẹ́rìn-ín, ìkejì kì í pẹ́ sunkún.

Emil Kraepelin, dókítà ọpọlọ ará Jámánì, ti kọ̀wé lórí irú àbùdá báyìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Hagop Akiskal, ọmọ Àméníà tí wọ́n bí sí Lẹ́bánónì tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló tún un tò sí ọ̀nà márùn-ún, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe ìwé ìbéèrè tí àwọn olùwádìí ń lò kárí ayé. Ọ̀nà márùn-ún náà rèé:

Alárònú: ẹni tó máa ń rí ibi tó burú nínú nǹkan, tó máa ń tètè dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Aláníyàn: ẹni tí àyà rẹ̀ kì í balẹ̀, tó máa ń bẹ̀rù ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Oníkanra: ẹni tí ọ̀rọ̀ kékeré ń mú bínú, tí gbogbo nǹkan ń sú.

Aláyìípadà: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, tó lè fẹ́ràn iṣẹ́ kan gan-an lọ́jọ́ Ajé, kó má fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Ọlọ́yàyà: ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yá, tó nígboyà, tó máa ń gbà pé nǹkan á dáa.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ní bipolar, mẹ́rin àkọ́kọ́, pàápàá aláyìípadà, ló ń bá èrò ikú àti ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni rìn. Ọlọ́yàyà dà bíi pé ó ń dáàbò bo èèyàn díẹ̀. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníkanra ló wà lọ́jà tí nǹkan kan ò ṣe ọpọlọ wọn.

Ìṣesí mẹ́ta tó yẹ kéèyàn ṣọ́

Àkọ́kọ́ ni àìnírètí. Aaron Beck, gbajúmọ̀ dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìbéèrè 20 kan jáde lọ́dún 1974 láti fi wọn àìnírètí. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó yé àwọn dókítà pé àìnírètí lè tọ́ka sí ewu ju bí ìbànújẹ́ ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó ń sunkún tó sì gbà pé ọ̀la á dáa ṣì ní ohun tó dì mú. Ẹni tí kò sunkún mọ́, tó ní kò sóhun tó lè yí padà láé, lẹni tí a ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀.

Níbí ni ẹnu àwa Yorùbá ti yẹ ká ṣọ́ra. Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe lásán ni létí ẹni tí ara rẹ̀ le. Létí ẹni tí mania ti mú jẹ gbèsè, tó ti bú àna rẹ̀ lójú agbo, tó sì ń jí báyìí sínú ìtìjú, ìmọ̀ràn ni òwe náà lè jọ. Ẹ má pa á fún un. Ẹ sọ fún un pé gbèsè ṣeé san, ẹ̀bẹ̀ ṣeé bẹ̀, àmọ́ ẹ̀mí ò ní ààrọ̀.

Ìkejì ni ìwàdùwàdù, ìyẹn kéèyàn ṣe nǹkan kó tó rò ó. Èèyàn lè ti ní in látìbẹ̀rẹ̀, mania á wá sọ ọ́ di ńlá. Ohun tó mú kó léwu ni pé àkókò láàárín èrò ikú àti ìgbésẹ̀ lè kúrú gan-an, ó lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kí nǹkan olóró má wà nítòsí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ni inú fùfù. Ẹni tó ti ń jà látìgbà èwe, tó ń fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀ tí inú bá ń bí i, lè dojú ìbínú yẹn kọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní 2004, Maria Oquendo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú New York gbé ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti ń tọpa àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí bipolar fún ọdún méjì. Ohun tí wọ́n rí ni pé ríretí ibi nígbà gbogbo, pẹ̀lú inú fùfù àti ìwàdùwàdù, wà lára ohun tó ń ṣáájú ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni.

Ìṣesí nìkan kọ́

Lọ́dún 1999, John Mann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kí ewu tó dé: ohun tó ti wà lára èèyàn tẹ́lẹ̀, àti wàhálà tó dé bá a. A lè fi wé ìgbà ọyẹ́. Ewé gbígbẹ kì í déédéé jó. Ó dìgbà tí iná bá kàn án. Ìṣesí ni ewé gbígbẹ, àìsàn tó gbérí àti wàhálà ayé ni iná. Èyí ló jẹ́ kó dájú pé ìṣesí kì í ṣe kádàrá, torí pé a lè pa iná.

Ìwádìí kan náà rí i pé àwọn tí kò gbìyànjú rẹ̀ rí ní ìdí púpọ̀ láti wà láàyè. Àwọn ìdí náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà: ọmọ tí wọ́n ń tọ́, òbí tí wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn, tàbí ìdánilójú pé àwọn lè la ìṣòro já.

Ohun mìíràn tó ń fi kún ewu, tó tiẹ̀ lè ju ìṣesí lọ, ni kí ẹni náà ti gbìyànjú rẹ̀ rí, tàbí kí ẹnì kan nínú ẹbí ti kú lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọtí, igbó àti ìlòkulò oògùn bíi tramadol náà ń dá kún un.

Ìgbà wo ni ewu ń súnmọ́ jù?

Ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìgbà mania aláyọ̀. Àmọ́ ìgbà kan wà tó tún léwu gan-an, òun ni ìgbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá dà pọ̀. Ọkàn ẹni náà ti bàjẹ́, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń gbóná, oorun ò wá, èrò ń sáré, kò sì lè jókòó. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan mú lè má lágbára láti dìde. Ẹni yìí lágbára.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá fi aláìsàn sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tún jẹ́ ìgbà ìṣọ́ra. Àwọn ará ilé á ti ṣọpẹ́, oníkálukú á ti padà sẹ́nu iṣẹ́, aláìsàn á wá dá wà pẹ̀lú gbèsè àti ìtìjú tó bá nílé. Bákan náà ni ìgbà tó bá déédéé dá oògùn dúró torí pé ara ti yá.

Àwọn àmì mìíràn ni kó máa sọ pé ẹrù lòun jẹ́ fáwọn èèyàn, kó máa pín nǹkan ìní rẹ̀, kó máa dágbére bí ẹni tó ń rìnrìn àjò, tàbí kí ara rẹ̀ ṣàdédé balẹ̀ lẹ́yìn ìrora ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ẹni tó là á já

Kay Redfield Jamison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó mọ àìsàn yìí jù láyé, òun fúnra rẹ̀ sì ní in. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ìwé An Unquiet Mind tó jáde ní 1995. Ó jẹ́wọ́ pé òun kọ oògùn lithium nígbà kan torí pé ìgbà òkè máa ń dùn mọ́ òun, àti pé òun ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun rí. Oògùn, dókítà tó ń bá a sọ̀rọ̀ déédéé, àti àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí tí kò fi í sílẹ̀ ló mú un dúró. Àbùdá rẹ̀ ò yí padà. Àìsàn rẹ̀ ló rí ìtọ́jú.

Ìtọ́jú wo ló wà?

John Cade, dókítà ará Australia, ló kọ́kọ́ kọ̀wé jáde lọ́dún 1949 pé lithium ń mú mania rọlẹ̀. Títí dòní, ó ṣì wà lára oògùn bipolar tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti so lílò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdínkù nínú gbígba ẹ̀mí ara ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwádìí ẹnu àìpẹ́ yìí kan ò rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ó máa ń dín inú fùfù àti ìwàdùwàdù kù.

Lithium ń fẹ́ ìṣọ́ra. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé láti mọ bó ṣe pọ̀ tó lára, àti bí kíndìnrín àti ẹṣẹ́ ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí èèyàn bá ń ṣu gbuuru, tó ń bì, tàbí tí omi ara rẹ̀ gbẹ nínú ooru, lithium lè pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ìrora bíi ibuprofen àti diclofenac náà lè fa èyí. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ tàbí tó fẹ́ mu àgbo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Oògùn mìíràn náà wà tí dókítà lè yàn. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn lọ ra oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, torí pé lílo òun nìkan lè ti ẹlòmíràn sínú mania. Oorun náà jẹ́ oògùn. Ìṣọ́ òru léraléra tàbí iṣẹ́ òru lè tú mania sílẹ̀ lára ẹni tó ní bipolar. Kò ní kéèyàn má gbàdúrà o. Ó kàn yẹ kó gbà á lọ́sàn-án.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ran ìṣesí lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́ aláìsàn láti mọ ìgbà tí ìbínú ń bọ̀, láti fi wákàtí mẹ́rìnlélógún sáàárín èrò àti ìgbésẹ̀, àti láti yẹ èrò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ wò bóyá òótọ́ ni.

Kí ni ará ilé lè ṣe?

Ẹ bi í. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù pé táwọn bá dárúkọ ikú, àwọn á fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi pé kó o gba ẹ̀mí ara rẹ?" Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ má wàásù, ẹ má bá a jà.

Ẹ gbé ohun olóró jìnnà. Ẹ ti oògùn apakòkòrò mọ́ ibi tí ọwọ́ ò dé, kí ẹlòmíràn máa tọ́jú oògùn ilé, kẹ́ ẹ máa fún un ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Irú èrò yìí ló mú kí àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò kan ní àwọn ilé ìtajà ní 2019.

Ẹ jọ kọ ètò sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá: àwọn àmì tó máa ń ṣáájú, ẹni mẹ́ta tó lè pè lóru, orúkọ dókítà àti ilé ìwòsàn, ẹni tó máa di owó àti káàdì báńkì mú bí mania bá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá jáde ní ilé ìwòsàn, ẹ ṣètò kí ẹnì kan máa wà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹbí ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ torí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, ogún tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti yí tirẹ̀ padà, ilé ìwòsàn ni òfin wọn ní kí ilé ẹjọ́ rán ẹni náà lọ. Ní oṣù Kínní 2023, wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Àwọn dókítà ò dẹ́kun láti máa rọ̀ pé kí wọ́n yọ abala 327 kúrò. Ẹ má torí rẹ̀ fi ẹnikẹ́ni pa mọ́ sílé. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ilé ìwòsàn ló kàn.

Níbo lẹ ti lè rí ìrànlọ́wọ́?

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Àró, Abẹ́òkúta, àti ní Yábà, Èkó. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni OAU ní Ilé-Ifẹ̀. LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ètò tí wọ́n ń pè ní SURPIN tó wà fún dídènà gbígba ẹ̀mí ara ẹni. Fún àwọn olùgbọ́ tó wà lókè òkun, nọ́mbà Samaritans ní Britain ni 116 123, ti Amẹ́ríkà ni 988, ti CVV ní Brazil ni 188.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ará ilé rántí nípa Àró. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo aláìsàn. Ó ní kí àwọn kan lára wọn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan sì fi ẹnì kan sílẹ̀ tí á máa bá aláìsàn gbé, tí á máa se oúnjẹ fún un, tí á máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó ti mọ̀ nígbà yẹn pé ẹbí wà lára oògùn.